Ẹ̀rí Tí Ó Wà Lẹ́nu Arúgbó

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbo ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní arúgbó kan tí ó ti pẹ́ láyé ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ilé a máa kí i ní òwúrọ̀, wọn a gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọn a sì mú un jáde kí ó yá oòrùn. Bí àlejò bá dé, wọn a sọ iye ọdún rẹ̀ fún un pẹ̀lú ìyangàn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ pin. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ní ọjọ́ tí ó bá dákẹ́, a ó pa màlúù, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ sí ara ìwé ètò ìsìnkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé ìjọ bá béèrè ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí a ó kà nínú ilé Ọlọ́run, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wọn.

Ohun tí ó burú nínú àṣà yìí ni pé a ka arúgbó sí ohun ìyanu, a kò sì kà á sí ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí ni ó jẹ́ ní tòótọ́. Ohun tí ó mọ̀ nípa ilẹ̀, nípa orúkọ, nípa ìdílé àti nípa ìlú, òun nìkan ni ó kù tí ó mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá gba ẹ̀rí náà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń jáde, kò sí ilé ẹjọ́ tàbí ilé ìwé gíga tí yóò lè rí i gbà mọ́ láéláé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ayé àtijọ́ jìnnà ju ohun tí ọwọ́ lè kàn lọ, kí ó ka ènìyàn mẹ́ta péré. A bí Samuel Ajayi Crowther ní Òṣogùn ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821 ni ogun kó ìlú náà, tí a sì mú un lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Ní ìgbà náà Ọ̀yọ́ Ilé kò tíì tú, Aláàfin ṣì ń jókòó níbẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá kò sì tíì tẹ Abẹ́òkúta dó. Crowther wà láyé títí di ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864, ti pé ọdún 27 nígbà tí bàbá àgbà yìí kú. Macaulay fúnra rẹ̀ kú ní 1946. Ọmọ ọdún 10 tí ó bá rí i tí ó ń kọjá ní ìgboro Èkó ní ọdún náà, 1936 ni a bí i, àwọn tí a bí ní 1936 kò sì tíì tán lórí ilẹ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó so ayé òní mọ́ ayé Ọ̀yọ́ Ilé: ọwọ́ ẹni tí ó mọ ìgbà náà, ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, àti ọwọ́ ẹni tí ó rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ kan ọwọ́ nìkan kò tó. Ìdí tí a fi mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ogun dé ni pé Crowther jókòó ní 1837, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a kó lẹ́rú ní ìgbà ayé rẹ̀, tí wọ́n jẹ ìyà kan náà, tí wọ́n sì darúgbó nínú ìrántí rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni ó kọ ìwé, díẹ̀ sì ni a béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn yòókù gbé tiwọn lọ sí ibojì.

Òdìkejì òkun fi èyí hàn kedere. Ní oṣù July ọdún 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ náà léèwọ̀ fún ọdún 52, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Clotilda yọ́ kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah wọ Mobile ní Alabama. Lẹ́yìn náà ni a dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má bàa tú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wọn tí ń jẹ́ Kossola, ará apá Bàǹtẹ́ ní ilẹ̀ tí ó di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Ìṣà. Ní Amẹ́ríkà wọ́n sọ ọ́ ní Cudjo Lewis. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì rí owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìletò dó, wọ́n sì kọ́ ilé ìsìn. Kossola ni ó ń tọ́jú ilé ìsìn náà.

Ní 1927 ni òǹkọ̀wé obìnrin kan, Zora Neale Hurston, bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ ọ́ lọ láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní arúgbó nílé kíyèsí bí ó ti ṣe é. Kò yọ ìwé jáde láti ẹnu ọ̀nà. Ó mú èso àti ẹran wá fún bàbá náà. Ní ọjọ́ tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò fi agbára mú un. Ní ọjọ́ kan, ṣe ni ó bá a gbá ilé ìsìn. Nígbà tí ó sì fẹ́ gbọ́ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, Kossola takú pé láti orí bàbá-bàbá òun ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Hurston gbà fún un. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ki oríkì nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ pé bàbá náà kò ṣìnà: ọ̀nà ilé ni ó ń tọ̀. Ìwé náà parí ní 1931. Àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ kò gbà á bí ó ti wà, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ bí arúgbó náà ti ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ó di 2018 kí ó tó jáde, ọdún 83 lẹ́yìn tí Kossola ti kú ní 1935. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó jáde, nítorí pé a ti kọ ọ́.

Fún ọdún púpọ̀ ni a ń sọ pé Kossola ni ẹni ìkẹyìn nínú àwọn ará ọkọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Redoshi wà láyé títí di 1937. Obìnrin mìíràn tún wà, Matilda McCrear, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì péré nígbà tí a gbé e wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Òun wà láyé títí di January 1940. Nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rìn ní nǹkan bí máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma, ó ní kí ìjọba san nǹkan kan fún òun nítorí ohun tí a ṣe sí òun. Wọ́n dá a padà lọ́wọ́ òfo. Akọ̀ròyìn ìlú náà kọ díẹ̀ nípa rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Ó di 2020 kí olùkọ́ ilé ìwé gíga kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah Durkin, tó tú ìtàn rẹ̀ jáde nínú àwọn ìwé àtijọ́. Fún 80 ọdún ni ayé fi ń pe ẹlòmíràn ní ẹni ìkẹyìn. Ẹni tí a kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dàbí ẹni pé kò wá sáyé rárá.

Bí a bá sì ti gba ẹ̀rí, ó yẹ kí a pa á mọ́ ní ibi ju ẹyọ kan lọ. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà tí ojú wọn tó àwọn ogun náà. Ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti tẹ̀. Ibẹ̀ ni ó sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àwọn ìwé kékeré tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí, tí ó fi sílẹ̀ nílé, ni àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, kó jọ tí ó fi tún ìwé náà kọ, kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Bí àwọn ìwé kékeré wọ̀nyí kò bá sí ni, kò sí bí a ti lè padà lọ béèrè, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó sọ ọ́ ti kú.

Ohun kan tún ń ba ẹ̀rí àwọn àgbà jẹ́, èyí ni àsọdùn iye ọdún. Ọmọ tí ó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ ga a máa sọ pé ó ti pé 130 tàbí 140. Ẹni tí ó pẹ́ láyé jùlọ tí ìwé tì lẹ́yìn ni Jeanne Calment, obìnrin ará Arles ní ilẹ̀ Faransé. A bí i ní February 1875, ó sì kú ní August 1997, ní ẹni ọdún 122 ó lé oṣù márùn-ún. Ọmọdébìnrin ọdún 13 ni nígbà tí Vincent van Gogh ayàwòrán ń gbé ìlú rẹ̀ ní 1888. Síbẹ̀, ní 2018 àwọn kan dìde tí wọ́n ń jiyàn ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn ìwé ìbí àti ìwé ìkànìyàn ìlú rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́rìí fún un. Bí ẹni tí ó ní ìwé báyìí bá lè rí alátakò, kí ni kí a retí fún ẹni tí kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ? Ẹni tí ó bá pa irọ́ 40 ọdún mọ́ ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ kò bu ọlá fún un. Ó sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí tí a kò lè gbàgbọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá rí irọ́ nínú ọdún yóò máa wá irọ́ nínú ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìsinsìnyí ni a kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ilé ìwé, ṣe ni a ní kí wọ́n na ọwọ́ gba orí kọjá kí a wò ó bí yóò kan etí kejì. Ọdún tí tíṣà kọ fún wọn ní ọjọ́ náà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti mọ ọdún tí ó súnmọ́ òótọ́. Kí a kọ́kọ́ wo ìwé ìsàmì nínú ìjọ tí àwọn òbí rẹ̀ wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí a béèrè ìdàgbà rẹ̀ nígbà tí àwọn nǹkan tí gbogbo ìlú mọ̀ ṣẹlẹ̀. Ǹjẹ́ ó ti ń ru igi wálé nígbà ogun Hitler, láti 1939 títí di 1945? Níbo ni ó wà ní May 20, 1947, nígbà tí òkùnkùn bo oòrùn lójú ní ọ̀sán? Ǹjẹ́ ó ti lọ́kọ nígbà tí ìjọba ń gé igi kòkó àwọn àgbẹ̀ lulẹ̀ nítorí àrùn, ní ìparí àwọn ọdún 1940? Ọmọ mélòó ni ó ti bí nígbà tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955? Èwo nínú wọn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, èwo ni ó sì ń ràkòrò nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè ní January 1973? Bí ìdáhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún bá fi ẹnu kò, a ti rí ọdún tí a lè kọ láì tijú.

Ní ti ìbéèrè fúnra rẹ̀, ó ní ìgbà, ó sì ní ọ̀nà. Òwúrọ̀ ni ó dára jù fún ọ̀pọ̀ àgbà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun, kí àárẹ̀ tó dé. Kí ẹni tí ń béèrè jókòó sí iwájú rẹ̀ níbi tí yóò ti máa rí ẹnu rẹ̀, kí ó rọra sọ̀rọ̀, kí ó má pariwo. Kí a mú ohun àtijọ́ wá sí ọwọ́ rẹ̀: aṣọ òfì, àwòrán ìgbéyàwó, ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ lò. Ọwọ́ a máa rántí ohun tí orí ti gbàgbé. Bí ó bá ṣì lè rìn, kí a mú un dé ibi pèrègún ààlà oko, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka, kí ó sì sọ ẹni tí ó gbìn ín àti ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rí ààlà tí a gbà nígbà tí kò sí ìjà ni ẹ̀rí tí ó mọ́. Èyí tí a wá gbà nígbà tí ọ̀ràn ti dé ilé ẹjọ́, ìhà méjèèjì ni yóò máa sọ pé a kọ́ ọ lẹ́nu. Bí arúgbó bá sì ní òun kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, bíi ti ìwọ̀fà tàbí ti ẹrú nínú ìdílé, kí a fi í sílẹ̀. Ohun tí ó bá sọ ni kí a kọ, bí ó ti sọ ọ́, kí a sì kọ ti ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí pé àgbà náà lè ṣì í, òtítọ́ a sì máa hàn nígbà tí ẹlẹ́rìí bá di méjì.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí àǹfààní nínú bíbéèrè mọ́ nítorí pé arúgbó tiwọn ti ń ṣarán. Kí wọ́n má yára pa ìwé dé. Iyè arúgbó lè ra sí ohun tí ó jẹ ní àná, kí ó sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n jọ gbé agbo ilé ní 70 ọdún sẹ́yìn. Àìsàn ọpọlọ a sì máa fa ìgbàgbé, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ arúgbó bá dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a má pe èyí ní ogbó. Ó lè jẹ́ ibà, tàbí àìmu omi tó, tàbí àìsàn inú ìtọ̀, tàbí àpọ̀jù oògùn. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, nítorí pé púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni ó ní àtúnṣe.

Ó ku ọ̀ràn kan tí ó wúwo jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin, gígùn ẹ̀mí arúgbó ni a fi ń kà á sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọn a ní ó ti sin ọmọ mẹ́ta, ó ti sin ọmọ-ọmọ, òun kò sì kú. Nítorí náà, ọjọ́ ayé wọn ni ó ń lò. Àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí wà tí wọ́n ń gbé Bíbélì lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Kí wọ́n ṣírò díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé 95 ọdún láyé kò lè ṣe aláìsin ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ìgbà tí ó ń bímọ, ìgbóná tí a wá pa run kúrò láyé, tí a sì kéde rẹ̀ ní 1980, ṣì ń jà. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ ọwọ́, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó pa àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá náà ni ó sì sunkún wọn jù. Òun nìkan ni ó mọ orúkọ tí a sọ wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tí ó bá ń pè é ní àjẹ́ ń fi ẹnu ara rẹ̀ lé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí àwọn òkú náà ní kúrò nílé.

Anna wòlíì obìnrin inú tẹ́ḿpìlì jẹ́ opó arúgbó kan tí ó ti pé 84 ọdún, òun sì ni Lúùkù kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn tí ó mọ Ọmọ náà nígbà tí a gbé e wọlé. Ìjọ tí ó gba ẹ̀rí Anna gbọ́ kò gbọdọ̀ ti arúgbó tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Nítorí náà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan tí kò ju owó ife ẹ̀wà díẹ̀ lọ. Kí ọmọ tí ó mọ ìwé kọ jùlọ nínú ilé jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, kí ó sì máa kọ ojú ewé kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí a sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó sọ ọ́, àti ẹni tí ó gbọ́ ọ. Kí a da á kọ sí ìwé méjì. Kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà nínú àpótí ìjọ, níbi tí iná tàbí ikán kò ní rí méjèèjì jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá fi rọ̀, ìdílé náà yóò ní ohun tí Matilda kò ní: ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì jókòó gbọ́ ọ parí.